Rọ́bà ọ̀dà, àpò ìrẹsì, táyà àbí bẹ́ẹ̀dì: èwo ló yẹ ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé yín?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ajílòsún nílùú Adó-Èkìtì pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ẹ̀fọ́ ọjà ti sú àwọn, àwọn fẹ́ máa gbin tàwọn sẹ́yìnkùlé, ṣé káwọn lọ ra rọ́bà ọ̀dà ni àbí káwọn pe bíríkìlà kó wá to búlọ́ọ̀kù yípo káwọn da yẹ̀pẹ̀ sí i. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ibo lẹ ti ń pọn omi? Wọ́n dákẹ́. Mo ní lánlọ́ọ̀dù ńkọ́, ṣé ẹ ti sọ fún un? Wọ́n tún dákẹ́.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa máa ń ra ike tán ká tó rántí omi. Èèyàn á bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Júùnù nígbà tí òjò ń rọ̀ dáadáa, gbogbo ẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, á ya fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp, nígbà tó bá fi máa di Jánúárì, ọyẹ́ ti dé, kànga ti lọ sílẹ̀, rọ́bà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á tò síbẹ̀ tí ewé inú ẹ̀ ti gbẹ bíi tábà, á wá ní ọwọ́ òun ò gba ọ̀gbìn. Ọwọ́ ẹ̀ gbà á o, omi ni ò kà.

Èmi fúnra mi, ọdún mẹ́ta ni mo fi gbin ẹ̀fọ́ sínú rọ́bà lẹ́yìn yàrá kan àti pálọ̀ tá a gbà ní Bàsírì, ká tó kó lọ sílé tiwa lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni mo ti wá ń lo bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn yẹ̀pẹ̀ tá a kó jọ ga sókè láti gbin ẹ̀fọ́ sí. Ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí ní Èkìtì, ibòmíì wà tẹ́ ẹ bá fi ọkọ́ ṣá a, kòó ló máa dún, òkúta ni. Torí náà mo ti lo gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lọ́wọ́ ara mi, àyàfi táyà tí mo gbìyànjú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí mo sì pa á tì.

Ohun tí màá fi wọ̀n wọ́n

Omi ni àkọ́kọ́, mi ò sì ní yẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Bí èmi ṣe máa ń kà á nìyí: nínú ọyẹ́, tòmátò kan tó ti ń so nínú rọ́bà lítà 20 máa ń mu tó lítà méjì lójúmọ́, ìdajì láàárọ̀ ìdajì nírọ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní rọ́bà méjìlá, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan nìyẹn lójoojúmọ́, láti nǹkan bí oṣù Nòfẹ́ńbà títí òjò á fi padà dé nínú Máàṣì tàbí Épírù. Ta ló máa pọn ọ́n? Ṣé àwọn ọmọ tó ń lọ síléèwé láàárọ̀ ni, àbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dé láti ibi iṣẹ́ ní aago méje alẹ́? Ẹ dáhùn ìyẹn ná.

Lẹ́yìn omi, ilẹ̀ ta ni? Ilé àyágbé yàtọ̀ sílé tara ẹni, ohun tẹ́ ẹ bá rì mọ́lẹ̀ nílé onílé, ibẹ̀ lẹ máa fi í sí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí lẹ fẹ́ máa jẹ? Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, tí yẹ̀pẹ̀ bá ti jìn tó íńṣì 6 sí 8, ó ti tó wọn. Tòmátò, ata rodo, ìgbá àti ilá ń fẹ́ íńṣì 12 ó kéré tán torí gbòǹgbò wọn ń wá ìsàlẹ̀. Owó náà wà níbẹ̀, àmọ́ owó ọjà kì í dúró sójú kan, torí náà iye ẹrù ni màá máa kà fún yín, ẹ̀yin ẹ fi ṣírò owó àdúgbò yín. Ẹ má gbàgbé eegun ẹ̀yìn àti orúnkún, pàápàá tó bá jẹ́ pé màmá ni wọ́n fẹ́ máa tọ́jú ẹ̀. Ewúrẹ́ ńkọ́? Ládùúgbò tí ewúrẹ́ ti ń rìn kiri bó ṣe wù ú, ẹ̀fọ́ tí ò ní ọgbà yíká, oúnjẹ ewúrẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti yẹ̀pẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú, torí kò sí èyí tẹ́ ẹ mú tí yẹ̀pẹ̀ burúkú ò ní bà jẹ́. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n gbẹ́ láti ìpìlẹ̀ ilé ò dáa, ńṣe ló máa dì bíi símẹ́ǹtì nínú rọ́bà. Yẹ̀pẹ̀ dúdú ṣọ́bìrì mẹ́ta, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà ṣọ́bìrì kan, èèpo ìrẹsì tó ti ń dúdú ṣọ́bìrì kan, òun ni mo ń lò. Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń lọ sí Ìgbẹmọ níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, ẹ ní kó bá yín bu èèpo ẹ̀ wá nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń pa á. Èèpo kòkó náà, tẹ́ ẹ bá sun ún, eérú ẹ̀ dáa fún ata àti tòmátò, ẹ̀kúnwọ́ kan péré ni kẹ́ ẹ wọ́n sí ìdí igi kan, ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jù torí ó le. Ní ti ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ tó oṣù méjì kẹ́ ẹ máa da omi díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ sì máa yí i. Ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́. Tó bá ṣì ń gbóná tàbí tó ṣì ń ta sí yín nímú, kò tíì jinná, ẹ̀fọ́ ló máa sun.

Àpò ìrẹsì

Òun ló rọrùn jù láti rí. Ẹ máa ká etí ẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì, kó lè dúró, ẹ lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ nísàlẹ̀, ẹ rọ yẹ̀pẹ̀ sí i. Ugu ṣe dáadáa nínú ẹ̀ lọ́dọ̀ mi torí àpò jìn, igi kan ní ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì, ó gùn ún lọ, a jẹ ewé ẹ̀ jẹ ewé ẹ̀. Ewúro náà, ẹ kàn gé igi ẹ̀ kan kẹ́ ẹ rì í bọ̀ ọ́.

Àmọ́ ẹ má retí pé ó máa pẹ́. Oòrùn ló máa ń pa á, àárín ọdún kan báyìí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wẹ́wẹ́, okùn ike tín-ín-tìn-ìn-tín á máa já bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀, mo ti jókòó ṣa irú ẹ̀ nínú ilẹ̀ títí ó fi sú mi. Ibi tẹ́ ẹ bá sì ti gbé e kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó rọ yẹ̀pẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà, torí tó bá ti mu omi, ẹni méjì ò lè gbé e láìya. Àpò símẹ́ǹtì ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀, oníbébà máa ń jẹrà kíákíá, èyí tí kì í ṣe bébà náà, lẹ́búlẹ́bú símẹ́ǹtì tó kù sínú ẹ̀ ò bá ẹ̀fọ́ lára mu.

Rọ́bà ọ̀dà

Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan fún ẹni tó ń gbé ilé onílé, rọ́bà ọ̀dà lítà 20 ni. Àwọn apẹ̀ńtì máa ń tà á lẹ́yìn iṣẹ́, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ike àlòkù nítòsí Ọjà Ọba ẹ máa rí i, ẹ kàn rí i pé ọ̀dà olómi ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń kun ògiri, ẹ họ èyí tó gbẹ mọ́ ọn lára kúrò kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ta kẹ́míkà apakoríko, bó ti wù kó mọ́ tó lójú, ẹ má gbin nǹkan jíjẹ sínú ẹ̀. Wọ́n pọ̀ nígboro báyìí torí gbogbo oko ló ń fín, wọ́n sì máa ń fi wọ́n tọrẹ. Ẹ má gbà á.

Ọ̀rọ̀ ihò ìdí ẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹ máa fi irin gbígbóná lu ihò bíi mẹ́jọ, fífẹ̀ ìka ọwọ́ kékeré, mẹ́rin nídìí, mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ tó súnmọ́ ìdí, torí tí ìdí bá jókòó pẹ́pẹ́ sórí símẹ́ǹtì, tìdí máa dí, ti ẹ̀gbẹ́ ló máa yọ yín. Ẹ gbé e lé òkúta mẹ́ta bí ìkòkò lórí ààrò.

Àwọn kan á ní ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kí omi lè máa jò. Èmi náà ṣe é fún ọdún kan gbáko, ṣé ẹ mọ̀ pé ó ń ba nǹkan jẹ́ ni? Ẹ mú fóòmù tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ nà á dúró lórí ọwọ́. Omi á jò díẹ̀, á dúró, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀, omi ṣì wà níbẹ̀, kò jáde. Bí yẹ̀pẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Omi kì í fẹ́ kúrò nínú yẹ̀pẹ̀ bọ́ sáàárín òkúta àfi tí yẹ̀pẹ̀ bá ti kún fún omi tán, torí náà òkúta tẹ́ ẹ kó sí i kàn gbé ibi tí omi dúró sí sókè bá gbòǹgbò ni, ẹ sì ti pàdánù íńṣì mẹ́ta yẹ̀pẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ ni kẹ́ ẹ rọ kún un látòkè délẹ̀, tí yẹ̀pẹ̀ bá ń jáde látinú ihò, ẹ fi àwọ̀n tàbí ewé gbígbẹ tẹ́ ẹ.

Rọ́bà kan, tòmátò kan. Ata rodo náà, ẹyọ kan, tẹ́ ẹ bá gbìn méjì wọ́n á máa jà sí oúnjẹ, ẹ ò sì ní rí èso gidi lára èyíkéyìí. Tẹ̀tẹ̀ lè pọ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ ká sọ òótọ́, tẹ̀tẹ̀ inú rọ́bà mẹ́fà ò to ẹ̀fọ́ rírò kan fún ìdílé tó ń gún uyán, ẹ mọ bí ẹ̀fọ́ ṣe ń rọ wálẹ̀ nínú epo. Rọ́bà dáa fún nǹkan tó ń so tàbí nǹkan tó ń tún yọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá já a. Wọ̀rọ̀wọ́ wà lára ẹ̀. Abẹ́ igi kòkó ló ti máa ń hù lóko, kò fẹ́ oòrùn gan-gan, torí náà tẹ́ ẹ bá ní ibi tí òrùlé ṣíji bò tí nǹkan míì ò lè ṣe níbẹ̀, ẹ gé igi wọ̀rọ̀wọ́ méjì mẹ́ta bọ inú rọ́bà kẹ́ ẹ gbé e síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ṣì ń lo rọ́bà títí dòní bí mo tiẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún kejì tá a kó dé ilé wa. Mo gbin tòmátò mẹ́wàá sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti so, èso ti ń tóbi. Mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé ewé ọ̀kan ti rọ, kò pọ́n, kò gbẹ, bó ṣe tutù náà ló rọ bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo rò pé òǹgbẹ ni, mo bomi sí i. Lọ́jọ́ kejì ó ti dorí kodò, lọ́jọ́ kẹta mẹ́ta ti tẹ̀ lé e. Mo gé ọ̀kan nídìí, mo ki ojú ibi tí mo gé bọ inú kọ́ọ̀pù omi tó mọ́ gaara, mo dì í mú láìmì ín. Kò pẹ́, nǹkan funfun bí òwú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ látinú igi náà sínú omi, tín-ín-rín tín-ín-rín, bíi mílíìkì. Kòkòrò àìrí inú ilẹ̀ nìyẹn. Oògùn tẹ́ ẹ lè fín tó máa wò ó ò sí, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń mú tòmátò, ó ń mú ata, ó ń mú ìgbá. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló lọ. Àmọ́ àwọn mẹ́rin tó wà nínú rọ́bà lẹ́nu ọ̀nà, tí mo gba yẹ̀pẹ̀ tiwọn láti ibòmíì, so títí a fi jẹ tí a fi fún ará ilé. Látìgbà náà, tòmátò àti ata mi, inú rọ́bà ni, tí ọ̀kan bá sì rọ báyẹn, màá kó igi àti yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ jù síbi tó jìnnà, mi ò ní rọ ọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Àléébù rọ́bà kò ju omi lọ. Oòrùn ń nà án yíká, kò ní ilẹ̀ lábẹ́ tó lè fa tútù, tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò ọjọ́ méjì nínú Fẹ́búárì láìfi ẹnì kan tì í, ẹ máa bá òkú ewé ni. Agolo tí mo lu ihò wẹ́wẹ́ sí nídìí ni mo fi ń bomi rin tèmi, kó má baà gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ kúrò nídìí igi.

Táyà

Mi ò ní pẹ́ níbí. Fọkánáísà á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ó lágbára, ewúrẹ́ ò lè dà á nù. Àmọ́ ètè inú ẹ̀ máa ń gba omi pamọ́, ibẹ̀ sì lẹ̀fọn ń yé sí, títí kan irú èyí tó ń gbé ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ kiri. Ó dúdú, ó máa ń gbóná gan-an lọ́sàn-án, rọ́bà táyà fúnra ẹ̀ sì ní zinc àti àwọn èròjà míì tí mi ò fẹ́ kó wọnú ewédú ọmọ mi. Òdòdó ni mo gbìn sí èyí tó kù lọ́wọ́ mi, mo sì ti fi ọ̀bẹ gé ètè òkè ẹ̀ kúrò.

Bẹ́ẹ̀dì onípákó

Ó rẹwà, kò sẹ́ni tí ò ní fẹ́ràn ẹ̀ lójú. Káfíńtà á kàn án ní wákàtí méjì, tẹ́ ẹ bá sì lọ sí sọ́míìlì ẹ lè ra pákó ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gé kúrò lára igi, kò wọ́n bíi pákó gidi. Ìṣòro ẹ̀ ni ikán. Pákó afàrà ni wọ́n fi kan tèmi, kò tíì pé ọdún méjì, mo fẹ́ fara ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan dìde lọ́jọ́ kan ọwọ́ mi wọlé bí ẹni tẹ búrẹ́dì, ikán ti jẹ inú ẹ̀ tán pátápátá ó ku èèpo òde tí mò ń wò. Tíìkì tàbí ìrókò máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ ẹ lọ béèrè iye ìrókò ná kẹ́ ẹ tó bá mi sọ̀rọ̀. Ọparun pọ̀ lọ́dọ̀ wa, owó ẹ̀ kéré, ẹ kàn mọ̀ pé lẹ́yìn ìgbà òjò kan tàbí méjì ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀.

Káfíńtà lè ní kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì tí mẹkáníìkì ti dà nù kun pákó kí ikán má baà dé ibẹ̀. Fún àjà ilé, ìyẹn ọ̀rọ̀ tiwọn, fún ohun tẹ́ ẹ máa gbin oúnjẹ sí, rárá o, ọ́ìlì yẹn á wọnú ilẹ̀. Tó bá sì jẹ́ páálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kó ẹrù wọ̀lú lẹ rí, ẹ wo òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sí i lára: tó bá jẹ́ HT, iná ni wọ́n fi pa kòkòrò inú ẹ̀, ẹ lè lò ó, tó bá jẹ́ MB, kẹ́míkà ni, ẹ má fi ṣe bẹ́ẹ̀dì oúnjẹ.

Bẹ́ẹ̀dì búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta

Ní tèmi o, tí ilẹ̀ bá jẹ́ tiyín, òpin ìrìnàjò nìyí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò bẹ́ẹ̀dì kan tí inú ẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀ ju 4 lọ, torí láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ dé àárín láìfi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá ń tẹ̀ máa dì, gbòǹgbò ò ní ríbi gbà. Búlọ́ọ̀kù íńṣì 6, ìlà kan yíká, 18 ni, ẹ ra 20 torí ọ̀kan méjì á fọ́ lọ́nà. Ẹ ò nílò símẹ́ǹtì láti lẹ̀ wọ́n pọ̀, ẹ kàn tò wọ́n kí wọ́n wọra, ìyẹn ló tiẹ̀ dáa torí ẹ lè tú u lọ́jọ́ iwájú. Gíga ìlà kan jẹ́ íńṣì 9. Yẹ̀pẹ̀ tó máa kún un tó nǹkan bíi bárò mẹ́wàá, ibẹ̀ ni owó wà o, búlọ́ọ̀kù kọ́, torí yẹ̀pẹ̀ dúdú gidi ṣòroó rí nígboro Adó báyìí. Kẹ́ ẹ tó rọ ọ́, ẹ fi ọkọ́ ro ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tó íńṣì 6 kí gbòǹgbò lè kọjá. Tó bá jẹ́ orí àpáta ni, tí ọkọ́ ò wọlé rárá, ìlà méjì lẹ máa tò, búlọ́ọ̀kù 36, bárò 20, tẹ́ ẹ bá ti dé ibẹ̀ yẹn ẹ wò ó dáadáa bóyá rọ́bà ò ní ṣe yín láàánú jù. Búlọ́ọ̀kù tuntun, ẹ jẹ́ kí òjò fọ̀ ọ́ fún bí oṣù kan kẹ́ ẹ tó gbin nǹkan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ṣé ẹ wá mọ ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀? Omi náà ni. Bẹ́ẹ̀dì tó tóbi tó yẹn, nínú ọyẹ́, bíi lítà 15 ni mò ń lò lójúmọ́, tí mo bá sì ti fi koríko gbígbẹ bo ojú ẹ̀, mo lè fo ọjọ́ kan kó má ṣe nǹkan kan. Ẹ rántí pé rọ́bà méjìlá ń mu 25, kò sì sí ìsinmi. Ìdí ni pé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ò sí lójú oòrùn bíi ti rọ́bà, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ náà sì ń bá a fi omi pamọ́. Tẹ̀tẹ̀ tí mo bá gbìn sórí ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin mo ti ń já a, ṣọkọ àti ewédú á tẹ̀ lé e, ẹ̀fọ́ tó tó ìdílé jẹ gidi.

Ẹni tí orúnkún ń dùn, ìlà mẹ́ta ni kó tò, kó lè jókòó sétí ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìyá ọkọ mi kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́, etí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni wọ́n máa ń jókòó sí láàárọ̀, wọ́n á máa fa koríko níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa bá mi sọ̀rọ̀. Fún ìlà mẹ́ta ẹ jẹ́ kí bíríkìlà lẹ̀ ẹ́ o, kó má baà ya, kó sì fi àyè sílẹ̀ fún omi láti jò nísàlẹ̀.

Kò sí owó búlọ́ọ̀kù? Òkúta. Ṣé àwa la fẹ́ wá òkúta tì ní Èkìtì ni? Èyí tí wọ́n hú nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé yín, ẹ máa rí i pé ó ti tó. Ẹ to ńlá sísàlẹ̀ kékeré sókè, kẹ́ ẹ wá fi amọ̀ dí gbogbo àlàfo, torí àkeekèé àti ejò fẹ́ràn irú ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì mi kejì, òkúta ni, kò ná mi ní ohunkóhun ju òógùn lọ, kò sì yẹ̀ látọjọ́ yẹn.

Ewúrẹ́ ni kò ṣeé gbàgbé. Íńṣì 9 ò dí i lọ́wọ́ rárá, àfi kẹ́ ẹ fi ọparun ṣe ọgbà yí i ká.

Bẹ́ẹ̀dì ilẹ̀ lásán

Èyí táwọn bàbá wa ń ṣe náà ni, ẹ fi ọkọ́ kó ilẹ̀ jọ sókè, ẹ tẹ́ orí ẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ láàárín. Kò náwó. Nínú òjò, kò sí ohun tó jù ú lọ fún ẹ̀fọ́ ewé. Ibi tó ti ń já ni kulẹ̀ ni ọ̀gbàrá, ilẹ̀ wa gẹ̀rẹ́ ni, òjò ńlá kan nínú Sẹ̀tẹ́ńbà lè kó irúgbìn tẹ́ ẹ gbìn lánàá lọ sílé aládùúgbò. Ẹ dá a ní ìbú sí ọ̀nà tí omi ń gbà ṣàn, ẹ má dá a tẹ̀ lé e. Ọdọọdún lẹ máa tún un ṣe. Ẹ sì jìnnà sí sókìawéè, mo ti rí ẹni tó gbin gbúre sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ń tutù.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ilé onílé, tó jẹ́ pé kọ́ńkéré ló wà níta, rọ́bà ọ̀dà ni, kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́fà lọ fún ọdún àkọ́kọ́: ata rodo mẹ́ta, tòmátò méjì, wọ̀rọ̀wọ́ kan lábẹ́ òrùlé. Tẹ́ ẹ bá ń kó lọ, ẹ gbé e sínú ọkọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ọ̀yẹ́ tàbí Ìwòròkó tí owó ò tíì sí lọ́wọ́ ẹ̀, àpò ìrẹsì méjì pẹ̀lú ugu àti ewúro máa tó o fún sẹ́sọ̀n kan, kò sì ní dùn ún tó bá fi í sílẹ̀. Ẹni tí lánlọ́ọ̀dù ẹ̀ gbà fún àmọ́ tí kò ní omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀dì ilẹ̀ lásán láti Épírù dé Òkítóbà, kó sì jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹni tó ń gbé ilé ara ẹ̀, tí kànga tàbí bohóòlù wà, kó to búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo lọ́dún yìí, ẹ̀fọ́ ewé ni kó gbìn sí i, kó fi tòmátò àti ata sínú rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn méjèèjì pọ̀ ni èmi ń lò, mi ò sì rí ìdí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọ̀kan. Pákó, àfi tẹ́ ẹ bá ní tíìkì lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi padà pè. Kànga wọn máa ń gbẹ nínú Fẹ́búárì, lánlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n gbin ohun tó bá wù wọ́n àmọ́ òun ò fẹ́ rí búlọ́ọ̀kù kankan. Rọ́bà mẹ́rin fún ata la fẹnu kò sí, àti bẹ́ẹ̀dì ilẹ̀ kan fún tẹ̀tẹ̀ tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, a jọ ń lọ sí Ọjà Ọba lọ wo rọ́bà, mo sì ti ní kí wọ́n bá mi mú irin kan dání tá a máa fi lu ìdí ẹ̀.